Ọjọ́ méjì l'Àgbádárìgì: bẹ́ ẹ ṣe lè mú àlejò tó wá kàwé lọ wo ibi ìtàn

Ẹ jẹ́ n tètè sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù kí n tó gbàgbé: ọjọ́ méjì ni Àgbádárìgì gbà. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń gbéra l'Ékòó láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á sáré wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á ya fọ́tò nídìí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n á kó sọ́kọ̀ ojú omi, tó bá fi máa di aago 4 wọ́n ti wà lójú títì tí wọ́n ń lé bọ́ọ̀sì Mile 2. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àlejò àkọ́kọ́ tí mo mú kiri, ọmọkùnrin kan láti Jámánì tó wá lo sáà kan ní yunifásítì l'Ékòó, nígbà tá a délé tí mo bi í pé kí ló rí, ó ní òun rí ẹ̀wọ̀n, òun rí òkun, òun rí ilé àtijọ́ kan, ó wá dákẹ́. Gbogbo ẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ra wọn lórí ẹ̀. Owó lọ, oòrùn pa wá, kò sóhun tó wọlé.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mo tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọbìnrin kan ni, ọmọ Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú, ó wá kọ́ Yorùbá n'Íbàdàn fún ọdún kan, ọ̀rẹ́ àbúrò mi ni, wọ́n wá ní kí n bá wọn mú un kiri ní wíkẹ́ńdì kan torí pé èmi ni mò ń gbé l'Àgbádárìgì. Bá a ṣe ṣe é ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú ibi tá a ti ṣìṣe. Bó jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ wá kàwé láti ìlú míì tẹ́ ẹ sì ti gbọ́ Yorùbá débi tẹ́ ẹ fi lè ka eléyìí, ẹ kú iṣẹ́, ọ̀nà kan náà ni kẹ́ ẹ gbà.

Bí ètò yẹn ṣe lọ rèé: Fráídè ẹ wọ̀lú, Sátidé fún ọ̀rọ̀ ẹrú, Sọ́ńdè fún ọ̀rọ̀ ìwé àti ìgbàgbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa Sátidé àti Sọ́ńdè pọ̀, ẹ má sì yí wọn po.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Ìwé ìrìnnà ló ṣáájú aṣọ. Ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ gbà yẹn, ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ ni, ẹnubodè àwa àti orílẹ̀-èdè Benin ló já sí, ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígíréṣọ̀n fi tò sójú títì bí àwọn tó ń ta gàrí. Tẹ́ ẹ bá wá ń padà bọ̀ s'Ékòó ló tún le jù, torí gbogbo ẹni tó bá wà nínú bọ́ọ̀sì ni wọ́n gbà pé ó ń ti ẹnubodè bọ̀. Kí àlejò yín mú páàsìpọ́ọ̀tì rẹ̀ dání, kó fi í sínú báàgì tó wà láyà, kó wá ṣe fọ́tókọ́pì ojú ewé tí fọ́tò wà àti ti físà, kó fi káàdì ilé ìwé tì í. Fọ́tókọ́pì ni kó kọ́kọ́ fà yọ. Ó máa ń tó nígbà míì, tí kò bá tó kó wá mú ojúlówó jáde. Ti àlejò tèmi, níbi kejì tí wọ́n ti dá wa dúró, ọ̀gá yẹn ti ń fajú ro, lọmọ bá ní "Ẹ kú iṣẹ́ o sà, ẹ kú oòrùn." Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà ò tiẹ̀ wo ìwé mọ́, ó kàn ń bi í pé ta ló kọ́ ọ.

Àsìkò tẹ́ ẹ máa lọ náà ṣe kókó. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta ni ilẹ̀ máa ń gbẹ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fojú sí, àmọ́ ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ Kérésì torí èrò tó máa ń ya lọ sétí òkun. Oṣù kẹfà sí oṣù keje, òjò á na yín, ọ̀nà náà á tún fojú yín rí màbo.

Owó: ẹ mú kéèṣì dání, kẹ́ ẹ sì ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́. POS wà nígboro dáadáa, àmọ́ létí ọ̀sà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ní òun ò sí, kò sẹ́ni tó máa bá yín bẹ̀ ẹ́. Èmi ò ní kọ iye tí wọ́n ń gbà níbì kankan síbí torí kẹ́ ẹ tó ka eléyìí tán ó lè ti yí padà, ẹ má sì gbára lé iye tí ẹnikẹ́ni bá kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ tó yọ kọ́bọ̀: owó àtiwọlé jẹ́ èló, owó gáìdì jẹ́ èló, ṣé fọ́tò yíyà lówó tiẹ̀ lọ́tọ̀? Kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ìgbà tí mo mú ọmọ Jámánì yẹn lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ni gáìdì, ó gba owó, ó mú wa dé iwájú ilé, ó ní òun ń bọ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò tíì dé. Àwọn tó wà nínú ilé gan-an wá gba tiwọn, ẹjọ́ wọn kọ́, èmi ni mi ò béèrè rìsíìtì.

Bàtà tó dè mọ́ ẹsẹ̀, fìlà, omi, páwà báńkì. Ẹ má wọ sìlípáàsì, màá sọ ìdí ẹ̀ níwájú.

Nǹkan kan tó kù, èyí wúlò gan-an fún ẹni tó máa padà lọ kọ ìwé fún tíṣà ẹ̀: ẹ ra ìwé kékeré kan, kẹ́ ẹ fa ìlà sí àárín ojú ewé. Lápá ọ̀tún, "ohun tí mo fojú rí". Lápá òsì, "ohun tí wọ́n sọ fún mi". Àwọn gáìdì Àgbádárìgì mọ ìtàn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sọ, ọ̀rọ̀ baba-ńlá wọn ni, àmọ́ ẹ máa gbọ́ iye kan lẹ́nu lágbájá, ẹ máa gbọ́ òmíì lẹ́nu tẹ̀mẹ̀dù lọ́jọ́ kan náà. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ síbi tó yẹ kó wà, wàhálà ti tán, ẹ kàn máa kọ ọ́ pé "gáìdì wa ní" ni.

Fráídè: ẹ tètè wọ̀lú

Tó bá jẹ́ pé erékùṣù Èkó lẹ ti ń bọ̀, ẹ wọ rélùwéè búlúù láti Marina dé Mile 2. Ó ti ń gbérò láti oṣù kẹsàn-án 2023, kìlómítà 13 ni, kò sì sí gosílòó lórí irin. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, ẹ rà á kẹ́ ẹ sì kówó sí i kí àlejò yín má lọ máa na owó bébà sí ẹ̀rọ. Mile 2 lẹ ti máa wọ bọ́ọ̀sì Badagry. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbẹ̀ o: kọ̀ndọ́ máa ń pariwo "Badagry! Badagry!" tó bá sì dé Àgbárá tó rí i pé èrò tó kù ò tó nǹkan, ó lè ní kẹ́ ẹ bọ́ sí òmíì. Kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ bi í níwájú àwọn èrò yòókù pé "Ṣé Roundabout Badagry lẹ ń lọ tààrà?" Tó bá ti dáhùn létí gbogbo èèyàn, ó máa ń ṣòro fún un láti yí i.

Ẹ gbéra kó tó di aago 1 ọ̀sán. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà alẹ́. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ wá òtẹ́ẹ̀lì tí kò jìn sí Marina tibí (àwa náà ní Marina tiwa, tí ọ̀sà ni), ẹ béèrè ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ àti omi, ẹ jẹun, ẹ sùn.

Sátidé, àárọ̀: inú ilé ẹrú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ́kọ́ sáré lọ sétí òkun, ẹ dúró ná. Bí wọ́n ṣe mú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn rìn, láti inú yàrá dé ọjà, láti ọjà dé ọ̀sà, láti ọ̀sà dé òkun, ló yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Aago 9 kẹ́ ẹ ti wà ní ilé Sẹ̀ríkí Fáàrẹ̀mí Williams Abass, èyí tí wọ́n ń pè ní Brazilian Baracoon. Ilé pẹlẹbẹ ni, yàrá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Wọ́n ní 1840 ni wọ́n kọ́ ọ, yàrá 40, ẹrú 40 nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kàn gbọ́ kẹ́ ẹ ní "họ̀ọ́". Ẹ bẹ gáìdì pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ wọ inú yàrá kan kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan láìsọ̀rọ̀. Àwa mẹ́rin la wọlé. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, fèrèsé tó wà níbẹ̀ kò tóbi, òkè téńté ló wà. Àlejò mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jẹ́jẹ́ ní Yorùbá, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, bí ẹni ń wá ibi tí àwọn 36 tó kù máa dúró sí.

Ẹni tó nilé ni ìtàn ẹ̀ máa gba àsìkò yín jù, ẹ jẹ́ kó gbà á. Ọmọ Ìjógà-Òrílé ni, lápá Ìpínlẹ̀ Ògùn, Ìfárẹ̀mílẹ́kún lorúkọ ẹ̀. Wọ́n mú un lọ́mọdé, wọ́n tà á, ó dé Brazil. Ó padà wá, ó gbọ́ èdè òyìnbó lóríṣiríṣi, ó fìdí kalẹ̀ s'Àgbádárìgì, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn. Ó di Sẹ̀ríkí àwọn Mùsùlùmí, ó lówó, ó lọ́lá, ó kú ní 1919, sàréè ẹ̀ wà nínú ọgbà yẹn. Àlejò mi béèrè ìbéèrè kan tó pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Ṣé ó gbàgbé ni?" Gáìdì wò ó títí, ó kàn fọwọ́ tọ́ka sí sàréè. Ẹ má ṣe bá àlejò yín dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kíákíá, ẹ jẹ́ kó gbé e rìn.

Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti máa sọ iye tí wọ́n ń fi nǹkan pààrọ̀ èèyàn. Gáìdì ní agboòrùn kan, èèyàn 40. Ìbọn àgbá kan, èèyàn 100. Agboòrùn wà lọ́wọ́ mi nígbà tó ń sọ ọ́, torí oòrùn ni mo ṣe ṣí i. Mo pa á dé, mo fi í sábẹ́ abíyá, mi ò sì lè ṣí i mọ́ títí a fi kúrò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé àwọn Mobee, ìdílé kan nílùú yìí tó ń tọ́jú irin tí wọ́n fi ń de ẹrú. Kò jìnnà. Inú yàrá kékeré lẹ ti máa rí àwọn irin náà gan-an, ti ọwọ́, ti ọrùn, ti ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ti ẹnu èèyàn pa kó má lè jẹun kó má lè sọ̀rọ̀, ti ọmọdé sì wà níbẹ̀. Ti ọmọdé yẹn ni kẹ́ ẹ múra sílẹ̀ fún. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ gbà á dì mú tàbí kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n sí yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe wúwo. Kì í ṣe dandan o! Ẹ lè sọ pé "ẹ ṣeun, mi ò fẹ́," kò sẹ́ni tó máa bínú. Ẹ ti bá àlejò yín sọ ọ́ ṣáájú kó lè ti pinnu, torí tó bá jẹ́ ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé e fún un, ojú á máa tì í láti kọ̀. Tèmi gbà á. Ó gbé e fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó dá a padà, ó jáde lọ dúró sí ìta. Mo tẹ̀ lé e, mo kàn dúró tì í. Ẹ má máa sọ "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" bí ẹni tí ẹsẹ̀ kọ̀, ẹ dúró ni.

Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń wá wò ó náà, ariwo á pọ̀. Tẹ́ ẹ bá bá wọn níbẹ̀, ẹ yà sápá kan kí wọ́n lọ tán.

Ọjà ẹrú Vlekete ló kàn. Vlekete yìí, òrìṣà òkun àti afẹ́fẹ́ ló jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Ègùn, ìyẹn àwọn Ògù tó ni ìlú, 1502 sì ni ọdún tí wọ́n máa sọ pé ọjà náà bẹ̀rẹ̀. Kí n má parọ́, kò sí ohun púpọ̀ láti rí, ẹ wo ère, ẹ ka àkọlé, ẹ máa lọ. Tí àlejò yín bá fẹ́ràn ìwé kíkà, ẹ kúkú lo àkókò yẹn ní Heritage Museum, ilé ọ̀fíìsì ìjọba òyìnbó àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1863, ó di mùsíọ́ọ̀mù ní 2002. Yàrá yàrá ni wọ́n to ìtàn náà sí, bí wọ́n ṣe ń mú wọn, bí wọ́n ṣe ń jẹ wọ́n níyà, àwọn tó kọ̀ tí wọ́n bá wọn jà. Apá àwọn tó kọ̀ yẹn, àwọn èèyàn máa ń sáré kọjá níbẹ̀, ẹ má sáré.

Aago 12, ẹ lọ jẹun. Ẹja yíyan pẹ̀lú ata lílọ̀ àwọn Ègùn, ẹ̀kọ tàbí ẹ̀bà. Ẹ sinmi dé aago 3.

Sátidé, ìrọ̀lẹ́: ọ̀sà, kànga, òkun

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ sinmi ni pé ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀sán gangan la sọdá pẹ̀lú sìlípáàsì lẹ́sẹ̀. Ẹ ò tíì rí iyanrìn tó gbóná. Ọmọ Jámánì yẹn ń fò bíi tata, okùn sìlípáàsì tèmi já lójú ọ̀nà, mo fi ẹsẹ̀ kan lásán rìn, mò ń wá ibi tí koríko wà láti tẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ẹrú lọ́jọ́ náà, àtẹ́lẹsẹ̀ wa là ń rò.

Létí ọ̀sà ní Marina lẹ ti máa wọ ọkọ̀ lọ sí erékùṣù Gberefu. Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹ so okùn ẹ̀ dáadáa, tí ọlọ́kọ̀ bá ní "kò jìnnà, kò séwu," ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ tún so ó le sí i. Ẹ bá a dá iye lílọ àti àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ san ìdajì, kẹ́ ẹ sọ aago tẹ́ ẹ máa padà, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹ̀, ìdajì tó kù di àbọ̀. Eléyìí ló máa jẹ́ kó rántí yín.

Lódì kejì, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn, bí ìdajì wákàtí, lórí iyanrìn láàárín igi àgbọn. Ẹ mú gáìdì dání, ẹ má dá rìn. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun ẹnì kan nínú yín, ẹ bi í bóyá ọ̀kadà wà nítòsí. Lójú ọ̀nà yẹn ni kànga wà, èyí tí wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú mu nínú ẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí wọ́n gbàgbé orúkọ wọn, kí wọ́n lè tẹ̀ lé wọn bí àgùntàn. Àlejò mi tẹ̀ wo inú ẹ̀ títí. Ló bá yíjú sí gáìdì, ó ní, "Bàbá àárọ̀ yẹn, ṣé ó mu ún?" Sẹ̀ríkí ló ń bi. Gáìdì ní òun ti ń mú èèyàn wá síbí tipẹ́, kò sẹ́ni tó bi òun rí.

Ọmọ kékeré kan tó ń tẹ̀ lé wa bọ̀ látìgbà tá a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ń pè é ní "Òyìnbó! Òyìnbó!" Ọmọbìnrin yìí sì dúdú jù mí lọ o. Ó yíjú padà, ó fara balẹ̀ fi gbogbo àmì ohùn sí i, ó ní "Èmi kì í ṣe òyìnbó." Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní, "Kí ló wá dé tó o fi ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò?" Ẹ̀rín ọ̀hún pọ̀, a sì nílò ẹ̀ lákòókò yẹn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá dé Point of No Return, ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sínú ọkọ̀ òkun, òpó méjì tó dojú kọ òkun lẹ máa rí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òkun, iyanrìn, afẹ́fẹ́. Ẹ fi àlejò sílẹ̀, kó rìn lọ síwájú fúnra ẹ̀. Pàápàá tó bá jẹ́ pé ó ṣeé ṣe káwọn baba ńlá ẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ, kì í ṣe àsìkò "wo ibí, jẹ́ n yà ẹ́" nìyẹn. Fọ́tò ṣì máa wà níbẹ̀ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú. Ẹnikẹ́ni má sì lúwẹ̀ẹ́, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n tó nílùú tiẹ̀, òkun apá ibí máa ń fa èèyàn wọlé, kò sì sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ láti yọ èèyàn.

Kẹ́ ẹ ti padà sínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má ṣètò nǹkan kan fún alẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí páátì, kò sí orin. Tèmi ò jẹun, ó ní òun fẹ́ pe ìyá òun.

Sọ́ńdè: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ẹ jẹ́ kí oorun tẹ́ yín lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ lónìí, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú wọn á ṣì wà nílé ìsìn láàárọ̀, torí náà ẹ ti béèrè láti Sátidé aago tí wọ́n máa ṣí. Èyí ṣe pàtàkì, mi ò béèrè, a sì jókòó síwájú géètì tó tì pa fún nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀, à ń jẹ àgbọn.

Ẹ kọ́kọ́ yà níbi òpó ìrántí igi Agia. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ní wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìgbàgbọ́ nílẹ̀ wa lọ́jọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 1842, Thomas Birch Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì ni. Àwọn èèyàn máa ń rò pé òyìnbó funfun ni Freeman, àmọ́ aláwọ̀ dúdú ni bàbá ẹ̀, ìyá ẹ̀ ló jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Igi náà wó ní 1959. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lẹ máa fi ìyókù ọjọ́ wò. Ó dojú kọ ọ̀sà, àwọn míṣọ́nárì CMS (Church Missionary Society, ti ìjọ Áńgílíkà) ló kọ́ ọ, 1842 ni wọ́n fìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀, ó parí ní 1845. Tẹ́ ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn onípákó yẹn, ẹ gùn ún lẹ́yọ lẹ́yọ, ó ń dún kẹ̀ẹ̀rẹ̀kẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Kànga kan náà wà nínú ọgbà, ti 1842, ẹ bá wọn béèrè kí wọ́n fi hàn yín. Kànga ti àná ní ká gbàgbé, ti òní ò ní ká gbàgbé nǹkan kan, àlejò mi ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi ò tiẹ̀ rò ó.

Ní báyìí, ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má yí ọjọ́ méjèèjì po. Àjàyí Crowther gbé nínú ilé yìí. Tó bá jẹ́ pé Sátidé lẹ kọ́kọ́ débí, orúkọ bíṣọ́ọ̀bù kan báyìí ló máa jẹ́ létí àlejò yín, ẹni tí fọ́tò ẹ̀ wà lára ògiri. Àmọ́ tó bá ti dúró nínú yàrá Sẹ̀ríkí, tó ti gbé ẹ̀wọ̀n ọmọdé lọ́wọ́, ẹ wá sọ ọ́ fún un báyìí: Ọ̀ṣóogùn ni wọ́n ti mú Àjàyí ní 1821, ọmọ bí ọdún 12 tàbí 13. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí l'Ékòó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá wọn dúró lójú òkun ní 1822, wọ́n sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí Freetown ní Sierra Leone. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ó di àlùfáà ní 1843, ọdún yẹn náà ló tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Oṣù kìíní 1845 ó dé Àgbádárìgì pẹ̀lú Townsend àti Gollmer, àwọn míṣọ́nárì CMS, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, àmọ́ Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, kú, ọ̀nà dí, wọ́n há síbí fún ọdún kan àti ààbọ̀. 1846 ló tó dé Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ló sì ti rí ìyá ẹ̀, Àfàlà, lẹ́yìn ọdún 25 tí wọ́n ti yà wọ́n.

Ìyẹn ni pé èèyàn méjì ni wọ́n tà lọ́mọdé, àwọn méjèèjì sì padà wá sínú ìlú kan ṣoṣo yìí. Ẹ má là á fún un, ẹ kàn to ìtàn méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn.

Bíbélì Yorùbá wà lábẹ́ gíláàsì níbẹ̀. Crowther àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹ̀, 1884 ni odindi ẹ̀ tó jáde. Ẹni tó bá wá kọ́ Yorùbá láti ìlú míì, ibí ni kẹ́ ẹ ti jẹ́ kó lo àsìkò. Àlejò mi ń kà á sókè, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e lórí gíláàsì títí ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ fi ní "Àǹtí, ẹ má fọwọ́ kàn án." Ó tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé ṣé àmì ohùn tí tíṣà òun máa ń gé máàkì òun lé lórí n'Íbàdàn, ilé yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Mo ní wọ́n ṣe díẹ̀ nínú ẹ̀ níbí. Ó ní ẹ̀bi ta ni nígbà náà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa padà

Ẹ ra àgbọn kẹ́ ẹ tó lọ, àgbọn tútù mímu àti súwíìtì àgbọn, létí títì ló pọ̀ sí, ẹ ná an, wọ́n mọ̀ pé ẹ máa ná an. Kó jẹ́ àlejò ló máa bá wọn ná an, ó máa rí ẹ̀dínwó ju ẹ̀yin lọ tó bá sọ ọ́ ní Yorùbá.

Aago 2 kẹ́ ẹ ti wà ní Roundabout. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, gbogbo ẹni tó lọ síbi òkú àti ìgbéyàwó ló ń padà s'Ékòó, bọ́ọ̀sì á wọ́n, owó ọkọ̀ á gun òkè. Ẹ béèrè láti Fráídè ní Mile 2 bóyá rélùwéè á ṣì máa ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ máa dé, kẹ́ ẹ má bàa gbára lé e lásán. Ẹ tún mú fọ́tókọ́pì yẹn jáde sọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì. Tó bá ti kọjá aago 4 tẹ́ ẹ ò tíì rí ọkọ̀, ẹ padà sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ sùn, kẹ́ ẹ gbéra ní aago 6 àárọ̀ Mọ́ńdè. Kíláàsì kan tí kò lọ kò lè pa á, àmọ́ ẹ jẹ́ kó ti fi mẹ́sẹ́jì ránṣẹ́ sí tíṣà ẹ̀ láti alẹ́.